Ẹ Wo Ìpàkọ́ Ọmọ Náà

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Àkúrẹ́. Àwọn tó ti Oǹdó wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn yìí, nítorí makirofóònù ọjọ́ náà kò jẹ́ kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ ju ìdajì lọ.)

  

Alága fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ oníròyìn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ nǹkan mìíràn, nítorí ìbéèrè kan tí ẹnì kan nínú sẹ́ẹ̀tì wa bi mí. Ẹ ó rántí pé a dá owó jọ fún un nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò dí, tí nǹkan wú sí i níbàdí bí àpò omi. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ojú rẹ̀ sì ti jinná. Ó wá pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ọ̀rẹ́, wọ́n ti rán ẹ̀yìn yìí tán. Kí ló wá dé tí ọmú ń pá ọmọ yìí lórí? Kí ló kan ẹ̀yìn kan ọ̀fun?"

Èmi kì í ṣe dókítà. Pólì Ọ̀wọ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní Bàọ́lọ́jì sì mọ iye máàkì tí mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníròyìn ni kó wádìí, mo sì wádìí. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀yìn kan ọ̀fun dáadáa, àti pé ìpàkọ́ ni afárá tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń wo ẹ̀yìn, tí à ń wo ẹsẹ̀, tí à ń wo bí orí ṣe ń tóbi sí i. Ìpàkọ́ kọ́ là ń wò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló máa ń pa àwọn ọmọ kan láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti dúpẹ́ pé iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìpàkọ́ yín. Lẹ́yìn eegun yẹn ni apá ẹ̀yìn ọpọlọ wà. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀. Èkíní ni ọpọlọ kékeré, òun ló ń jẹ́ kí a lè fi abẹ́rẹ́ gba òwú, kí a rìn lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ láìṣubú, kí ọwọ́ wa má gbọ̀n bí a bá ń kọ̀wé. Èkejì ni ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Òun ló ń darí mímí, gbígbé nǹkan mì, ohùn, àti lílù ọkàn. Ihò ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ agbárí tí ìdí ọpọlọ gbà bọ́ sí ọrùn. Inú yàrá kékeré tó wà lókè ihò yẹn ni gbogbo ohun tí mo wí yìí ń gbé.

Ó yá, ẹ rántí họ́sítẹ̀ẹ̀lì wa. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ọmọ mẹ́jọ, ọmọ mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀. Àpótí wà lórí àpótí, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn sì wà lẹ́nu ọ̀nà nítorí kò sí ibi tó máa nà án sí. Bó ṣe rí nínú orí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò dí nìyẹn. Yàrá ìpàkọ́ rẹ̀ kéré jù. Ọpọlọ kékeré àti ìdí ọpọlọ kò rí àyè, wọ́n wá gba ihò ìsàlẹ̀ yẹn yọ sí ọrùn. Ìdí ọpọlọ á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà mìíràn á ṣẹ́ kọ́rọ́ bí rọ́bà tí a fi ń fa omi nígbà tó bá ká. Ẹnu ọ̀nà tó kún yẹn ló tún ń dènà omi tó yẹ kó máa ṣàn káàkiri ọpọlọ, ni omi náà bá ń gbára jọ, àwùjẹ̀ á le, orí á máa tóbi. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n bí pẹ̀lú irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni omi orí máa ń bá. Nítorí náà wíwú ẹ̀yìn àti orí ńlá kì í ṣe àìsàn méjì tí ayé fi ṣe ọmọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Báwo ni yàrá náà ṣe wá kéré? Ẹ̀yìn ọmọ nínú oyún kọ́kọ́ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé. Á wá ká, bí ìyá ẹlẹ́kọ ṣe ń ká ewé rẹ̀, etí méjèèjì á pàdé, á di. Gbogbo èyí á ti parí ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró. Bí ibì kan kò bá dí, omi ọpọlọ á máa jò gba ibẹ̀ jáde. Ní ọdún 1989, dókítà méjì ní Chicago, David McLone àti Paul Knepper, ṣàlàyé pé omi yẹn ló yẹ kó máa ti ògiri yàrá sẹ́yìn láti inú kí ó lè fẹ̀. Nígbà tó bá ti jò dànù, ògiri á kéré sí ohun tó máa gbé inú rẹ̀.

Àlàyé lásán ni ẹlòmíràn lè pe èyí, àfi pé ní ọdún 2011 àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní MOMS. Wọ́n rán ẹ̀yìn àwọn ọmọ kan nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ìyá wọn, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 26. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún kan, nínú 100 tí wọ́n rán ẹ̀yìn wọn nínú oyún, 36 ni ọpọlọ ẹ̀yìn wọn kò sí lọ́rùn mọ́ rárá. Nínú 100 tí wọ́n dúró dìgbà tí wọ́n bí kí wọ́n tó rán wọn, mẹ́rin péré ni. Àwọn tó nílò rọ́bà tí yóò máa fa omi orí jẹ́ 40 nínú 100 lọ́nà kan, 82 lọ́nà kejì. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lọ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ọdà torí pé ó fẹ́ lọ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ abẹ yẹn ní ewu tirẹ̀ fún ìyá. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó fi hàn pé jíjò omi ni, kì í ṣe èpè, kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan.

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe ipò yìí ni Chiari, orí Hans Chiari tó jẹ́ oníṣègùn ní ìlú Prague ni wọ́n sọ ọ́. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1891. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń fi orúkọ Arnold ṣáájú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọwọ́ àwa náà wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì. Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn ní ọdún 1962. Adélọlá Adélóyè bá a ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1976, Adélóyè yìí kọ ìwé kan sínú Journal of Neurosurgery lórí nǹkan kan ṣoṣo: pé nínú ọpọlọ àwọn ọmọ tó ní Chiari, ibì kan wà lókè ìdí ọpọlọ tó yẹ kó tẹ́jú, tó wá ṣóńṣó bí àgógó ẹyẹ. Títí di òní, bí dókítà bá gbé àwòrán MRI irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dání, àgógó ẹyẹ yẹn wà lára ohun tí ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ wá.

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo ìpàkọ́ tó ní àbùkù ló jọra, ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin ìyá àgbà fi ara balẹ̀. Èyí tí mo ti ń sọ bọ̀ ni wọ́n ń pè ní Chiari kejì, òun ló máa ń bá ẹ̀yìn tí kò dí rìn. Ti èkíní yàtọ̀ pátápátá: ẹ̀yìn ọmọ dára, orí rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ọpọlọ kékeré sọ̀ kalẹ̀ gba ihò yẹn ní bíi mìlímítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà lè dàgbà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín tàbí tó wúkọ́, ìpàkọ́ á fọ́ ọ. Ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n lára títí tó fi kú lárúgbó. Ti ẹ̀kẹta ṣọ̀wọ́n: àpò kan á yọ ní ìpàkọ́ fúnra rẹ̀, ọpọlọ á sì wà nínú àpò náà.

Ẹ tún wo èyí tí wọ́n ń pè ní Dandy-Walker. Òdìkejì Chiari kejì ni. Yàrá tóbi, kódà ó tóbi jù, ṣùgbọ́n àárín ọpọlọ kékeré kò hù dáadáa, omi ló wá kún àyè yẹn. Bí ẹni fi ọmọ kan ṣoṣo sínú gbọ̀ngàn ńlá tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ìpàkọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè yọ sẹ́yìn, omi orí sì lè bá a, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń dí gbagidi. Ẹni tó wo orí ńlá nìkan yóò rò pé ọ̀kan náà ni òun àti ti ìṣáájú. Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà, ohun tí òbí máa retí kò sì rí bákan náà.

Kí n má tíì kúrò níbi yàtọ̀ síra yìí: Adélóyè àti Ọdẹ́kù kan náà ló kọ ọ́ ní ọdún 1971 pé kókó rírọ̀ kan wà tó máa ń yọ lórí àwùjẹ̀ ọmọ wa, tó máa ń ba ìyá lẹ́rù, tó sì jẹ́ pé kò wọ inú ọpọlọ rárá. Wọ́n yọ ọ́, ọmọ gbádùn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán dájọ́ orí ọmọ, yálà láti dẹ́rù ba ìyá tàbí láti sọ fún un pé yóò lọ fúnra rẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀fun. Nígbà tí ìdí ọpọlọ bá há, àmì rẹ̀ máa ń hàn lọ́nà ọ̀fun àti èémí kó tó hàn níbòmíràn. Ọmọ á máa mí, èémí á máa dún bí fèrè nígbà tó bá fà á sínú. Igbe rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ẹnu á là, omijé á bọ́, ohùn kò jáde. Ọmú á máa pá a lórí, wàrà á máa gba imú jáde. Nígbà mìíràn èémí á dúró fún ìgbà díẹ̀ lójú oorun, ètè á ṣú. Ọrùn á máa tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú èyí bá hàn lára ọmọ tí wọ́n ti rán ẹ̀yìn rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kí wọ́n má dúró de ọjọ́ àpọ́ínmẹ́ǹtì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú sí mi: ẹ má rọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé rírọ ọmọ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, pé ọwọ́ la fi ń sé ẹnu tí a fi ń da àgbo sí i, pé àwa tó ń sọ̀rọ̀ yìí wọ́n rọ wá, a ò kú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìdí ọpọlọ rẹ̀ há kò lè ti ilẹ̀kùn èémí nígbà tí omi bá ń bọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni àgbo náà ń lọ. Nígbà tí òtútù àyà bá wá pa á, a ó ní òtútù ló mú un. Bákan náà ni nígbà ìwẹ̀: ẹ má fi ọwọ́ di orí rẹ̀ mú kí ẹ máa fa ọrùn, ẹ má gbé e sọ sókè, ẹ má tẹ ìpàkọ́ rẹ̀ pé kí orí lè rí rogodo. Orí yẹn kò ní gbọ́.

Ohun kan tún wà tí mo rí nínú ìwé, tó sì ṣe pàtàkì fún ọmọ tí wọ́n ti fi rọ́bà sí lórí. Rọ́bà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní shunt, ń fa omi láti orí lọ sí ikùn. Ó máa ń dí. Bí àmì ọ̀fun yìí bá wá bẹ̀rẹ̀, rọ́bà yẹn ni àwọn oníṣẹ́ abẹ kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó ronú láti fẹ ihò ọrùn, nítorí omi tó gbára jọ lókè lè máa ti ọpọlọ ẹ̀yìn sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé títún rọ́bà náà ṣe nìkan ló dá ohùn wọn padà. Owó rẹ̀ ńkọ́? Benjamin Warf, tó ṣiṣẹ́ fún ọmọdé ní Mbale lórílẹ̀-èdè Uganda, fi rọ́bà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe ní Íńdíà wé ti olówó ńlá. Ní ọdún 2005 ó kọ ọ́ pé òun kò rí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá ń fi orúkọ rọ́bà dẹ́rù bà yín.

Ibo ni kí a lọ? Bí wọ́n bá bímọ sí Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED ni ẹnu ọ̀nà tó súnmọ́ wa jù. Yunifásítì tó ni ín ti wà ní Oǹdó láti ọdún 2015. Ẹ gba ìwé níbẹ̀ tí yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ náà wà ní OAUTHC ní Ifẹ̀ àti UCH ní Ìbàdàn. Ará Oǹdó á gba Òkè-Igbó bọ́ sí Ifẹ̀, ará Àkúrẹ́ á gba Iléṣà. Kò jìnnà ju ibi tí à ń lọ ṣe ìnáwó lọ. Ṣùgbọ́n ilé àdúrà àti ilé babaláwo ló máa ń wà lójú ọ̀nà, oṣù mẹ́ta á sì ti lọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Kó gbà á nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ yín ló kù, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti di olùkọ́ bíi tiyín. Àwọn ọmọ yìí ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní làákàyè tó pé. Ẹnu wọn máa ń já gaara, wọ́n á sọ̀rọ̀ bí àgbà. Nígbà tó bá wá kan ìṣirò, tàbí dída ọ̀rọ̀ kọ láti ara pátákó, ọwọ́ á falẹ̀, lẹ́tà á wọ́, wọ́n á gbàgbé ibi tí wọ́n dé. Olùkọ́ á ní, "Ẹnu lásán! Ọ̀lẹ ni ọmọ yìí." Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọpọlọ kékeré tó ń darí ọwọ́ àti àsìkò ló há sí ẹnu ọ̀nà láti inú oyún. Ẹ fún un ní àkókò sí i nígbà ìdánwò. Ẹ jẹ́ kó jókòó níwájú. Ẹ jẹ́ kó jáde lọ tọ̀ láìgbọwọ́sókè, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé rọ́bà ni wọ́n fi ń tọ̀, ní àkókò tó ní iye. Bó bá sì ṣàdédé ń fi orí fífọ́ sùn ní kíláàsì, tó ń bì, tí ìwé kíkọ rẹ̀ ń burú sí i, ẹ má nà án, ẹ pe ìyá rẹ̀: rọ́bà orí ti lè dí.

Ilé ẹ̀kọ́ tó bá sì ní òun kò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ṣe é léèwọ̀ láti ya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ bí ọmọ yòókù. Àwọn baba wa ń pe irú wọn ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí a lọ sílé ìwé ń wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ni a lè ṣe kí èyí dín kù? Ẹ rántí ọjọ́ 28 tí mo wí. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, tó ń rò ó bóyá kí òun lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ewé ti ń ká tán nínú rẹ̀. Àwọn ìyàwó wa a máa dúró di oṣù kẹrin tàbí karùn-ún kí wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíníìkì aboyún. Folic acid tí wọ́n ń fún wọn níbẹ̀ dára fún ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ọmọ, ó ti pẹ́ jù. Kí oyún tó dúró ni kó ti máa lò ó, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́. Fún ìyá tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, mìlígíráàmù mẹ́rin tàbí márùn-ún, dókítà ni kó sì kọ ọ́ fún un. Ìwádìí tí ìgbìmọ̀ ìṣègùn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1991 ṣe é ní orílẹ̀-èdè méje lára irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀: ó dín títún-ṣẹlẹ̀ rẹ̀ kù ní 72 nínú 100. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dènà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan Dandy-Walker. Obìnrin tó ń lo oògùn wárápá tí wọ́n ń pè ní valproate náà, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lóyún. Kó má kàn dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ wa tó bi mí léèrè ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ, wọ́n tún rọ́bà náà ṣe, ó ní kí n bá òun kí yín. Mo ti kọ àwọn àmì ọ̀fun yẹn sórí ìwé pélébé kan ní Yorùbá. Akápò ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ àti ní Yábà l'Óǹdó, ẹ gba mẹ́wàá mẹ́wàá kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn aboyún ti ń dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ẹ gba ọ̀kan fún yàrá àwọn olùkọ́. Bó bá tán, ẹ bá mi sọ̀rọ̀, màá tẹ̀ ẹ́ sí i.